Ohun Tó Ń Mí Nínú Kòtò Omi

Rodiat, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Bàbá, kò sọ pé ara òun ò yá, kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ òun. Ohun tó sọ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni pé òun ti wà ní Afọ̀n lọ́dọ̀ ìyá òun, òun ò sì ní padà sí Joga-Orílé mọ́.

‘Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo ti fún Bàbá lóúnjẹ kí n tó kúrò. Mo sì bẹ àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ pé kí wọ́n máa yọjú sí wọn títí ẹ ó fi dé. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ilé yẹn mọ́.’

‘Rodiat, kí ló ṣẹlẹ̀? Oṣù méje lo ti lò pẹ̀lú wọn.’

Ìbíyẹmí ń gbọ́ ariwo adìyẹ lẹ́yìn ọmọbìnrin náà.

‘Ìgò yẹn ni, Àǹtí. Ó ń rìn. Bí mo bá gbé e síbì kan tí mo jáde, ibòmíràn ni mo máa ń bá a.’

Ìbíyẹmí kò bá a jà. Olùkọ́ báólọ́jì ni òun fúnra rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ẹni tí ìtàn ìgò tó ń rìn lè lé sá. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ó di ẹrù rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́rọ̀, ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀.

Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Oyèkúnlé fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé ìjọ. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn gbà pé bí wọn ò bá gbé bàbá, ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí náà ni wọ́n máa bá a. Kó má baà já bọ́, Rodiat ti ní kí wọ́n yọ bẹ́ẹ̀dì onírin kúrò, kí wọ́n tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì lé pákó pẹlẹbẹ nílẹ̀.

Ìgò náà wà lójú fèrèsé tí kò ga ju orúnkún lọ. Ìgò ẹ̀pà ńlá kan ni, aṣọ fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi òwú so ó. Omi inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò rùn. Ìbíyẹmí ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń rí i nínú yàrá náà. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ ní, ‘Iṣẹ́ mi ni. Má fọwọ́ kàn án.’ Ó ti rò ó sí eré àgbà olùkọ́ tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì lu pákó. Ìbíyẹmí bi í bóyá omi ló fẹ́, bóyá ó fẹ́ tọ̀. Ojú bàbá kò kúrò lára ìgò. Nígbà tó gbé e, tó fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, tó sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, ọwọ́ náà dẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ìlù tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìgò padà sójú fèrèsé, ilé sì pa rọ́rọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, nítorí ẹ̀fọn, ó tú aṣọ fẹ́lẹ́ náà, ó sì fi ọmọrí dé ìgò pa. Kò tíì jìnnà sí fèrèsé nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ni. Ó la ẹnu, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọ̀fun rẹ̀ ń ṣe hẹ̀, hẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ rì sínú omi. Ó ń lu pákó débi pé oríkèé ọwọ́ rẹ̀ bó. Ìbíyẹmí sáré ṣí ọmọrí náà. Díẹ̀díẹ̀ ni èémí bàbá rọlẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ìgò, bí ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ yọ nínú ewu.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìgò sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó sì lọ ra búrẹ́dì. Kò lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó dé, ìgò wà lójú fèrèsé. Omi inú rẹ̀ ti fi ìka méjì ga sí i, ara ìgò sì tutù fún omi. Bàbá sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì, ó bo aṣọ dé àyà, ó di ojú. Kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. Ó dúró láàárín yàrá pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí ì bá bi léèrè.

Nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló rí ìwé àkọsílẹ̀ kan lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Ìwé ọmọ ilé-ìwé ni, ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó kọ kí àìsàn tó dé. Ó kà á níbi tó kúnlẹ̀ sí.

‘Ìgò kìíní: mo dé e pa. Kò rí afẹ́fẹ́. Ó kú.

‘Ìgò kejì: mo jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́, mo fi í sínú òkùnkùn, mi ò fún un lóúnjẹ. Ó kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀.

‘Ìgò kẹta: ó rí afẹ́fẹ́, ó ń rí oòrùn lọ́sàn-án, mo ń gbé e sókùnkùn lálẹ́. Mi ò fún òun náà lóúnjẹ. Ó wà láàyè.’

Lẹ́yìn náà ni ìlà kan tó dá dúró: ‘Ó fẹ́ máa mí. Ó fẹ́ rí oòrùn. Kí ni mo fi dù ú tẹ́lẹ̀?’

Ìbíyẹmí ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ti la ojú, ó ń wò ó.

Ó rọ díẹ̀ nínú omi náà sínú ìgò kékeré, ó bẹ ará ilé ẹ̀gbẹ́ kó jókòó ti bàbá, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaròó lọ́dọ̀ Gideon. Wọ́n jọ ka ìwé ní yunifásítì ni, láàbù kan tí wọ́n ti ń yẹ omi ẹja wò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Gideon gba ìgò náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó fún òun ní ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí Ìbíyẹmí padà lọ, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

‘Ìbí, níbo lo ti bu omi yìí?’

‘Kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi ná.’

‘Bakitéríà ni. Èémí ló fi ń gbé ayé bí èmi àti ìwọ. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kan wà nínú ara rẹ̀ tó bá èyí tó wà nínú ewé tan, òun ló sì fi ń mú ìmọ́lẹ̀.’

‘Ṣé bí ewéko ni?’

‘Rárá o. Ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ ara rẹ̀, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde. Eléyìí kì í tú u jáde. Ó ń jẹun bí a ti ń jẹun, ó ń mí bí a ti ń mí, ìmọ́lẹ̀ kàn ń bá a gbé lára ẹrù náà ni. Ọjọ́ tí ebi bá dé lo máa mọ̀. Èyí tó wà lókùnkùn á tètè kú, èyí tó ń rí oòrùn á máa fara dà á.’ Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnìkan ń gbọ́ wọn. ‘Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé inú òkùnkùn ló ti ń ṣe àwọ̀ náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lórí rẹ̀ tọ̀sántòru, kò ní ṣe é. Òkùnkùn ló fi ń múra de ìmọ́lẹ̀.’

Ìbíyẹmí rántí ìlù ọwọ́ bàbá rẹ̀, ti ọjọ́rọ̀ àti ti òwúrọ̀.

‘Ó ti tó ọdún mélòó tó ti wà níbi tí wọ́n ti bu ú?’

‘Ta ló mọ̀? Ọmọ ọmọ àná ni tòní. Bí omi ò bá gbẹ, tí ẹnìkan ò sì yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n lè ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìwọ.’

Gideon fa aṣọ fèrèsé. Ó mú kámẹ́rà kan tó ti yọ gíláàsì kan kúrò lójú rẹ̀, kó lè rí irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí, ó sì so ó mọ́ fóònù. Ó tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù sí àwo pẹlẹbẹ tó gbin omi náà sí. Lójú lásán, tọ́ọ̀ṣì nìkan ni Ìbíyẹmí rí. Lójú fóònù, àwo náà ń tàn funfun nínú òkùnkùn, roboto, bí ojú tó la sílẹ̀ tí kì í ṣẹ́.

Ó bẹ̀ ẹ́ kó yá òun ní kámẹ́rà náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bàbá ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Ìbíyẹmí ta ìró bo gbogbo fèrèsé títí ilé fi ṣú bíi pé oòrùn ti wọ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì búlúù. Ìgò tàn, ìyẹn kò bá a lójijì. Ó yí kámẹ́rà padà, àfi wìì, ọwọ́ bàbá náà ń tàn. Ọwọ́ òsì, ìka márààrún, dé ìgunpá. Etí pákó ń tàn níbi tí ọwọ́ náà máa ń gbà. Ó tan iná sára ògiri tí ọ̀rinrin òjò ti mu. Àtẹ́lẹwọ́ ni, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, kò ga ju orúnkún lọ, wọ́n lọ lẹ́sẹẹsẹ láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn.

Ó ń tẹ̀lé wọn, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Àwọn ọwọ́ náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, wọ́n dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìkẹyìn wà lára ìdè ilẹ̀kùn náà, ìdè ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lò. Ó ṣí i. Oòrùn kún kámẹ́rà, kò sì rí nǹkan kan mọ́. Kò nílò kámẹ́rà mọ́. Ó mọ ohun tó wà níwájú òun, lábẹ́ igi máńgòrò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ibẹ̀ ni kòtò omi òjò wà nígbà tí Ìbíyẹmí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kòtò jíjìn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀, nítorí omi kànga ibẹ̀ kì í hó ọṣẹ. Inú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà, Àbáyọ̀mí, kú sí lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù karùn-ún. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde, wọ́n sì sin ín, wọ́n ní ọmọ náà ló fúnra rẹ̀ gbé ìdérí kòtò. Bàbá da kọnkéré bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó sì sọ fún gbogbo ilé pé òun ti fi yanrìn dí i. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé. Ìyá wọn kú láìtún dárúkọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíyẹmí sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń lọ sọ́jà. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú gbà-à kó lè gbọ́, ó yípo ilé, ó sì lọ dúró lẹ́yìn àgbá omi.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ṣí. Ìgò ló kọ́kọ́ yọ, bó ti ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọwọ́ tó ń tì í. Bàbá dojú bolẹ̀, ó ń fi ìgunpá òsì wọ́ ara rẹ̀, ìdajì ara rẹ̀ tó ti kú ń tẹ̀lé e bí ẹrù tí kò ṣeé sọ̀ sílẹ̀. Ìrìn tí ọmọdé ń sá lógún ìṣísẹ̀, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rìn ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìbíyẹmí fẹ́ sáré lọ gbé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

Ihò kan wà nínú kọnkéré náà, kò ju ẹnu agolo mílíìkì lọ, òkúta ni wọ́n fi bò ó. Bàbá yí òkúta kúrò. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgunpá, ó fi sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bu omi sínú ìgò. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹnu lé ihò náà. Ó fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ fi kún, ó sì fẹ́ ẹ sínú kòtò. Ó tún fà á. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó ń ṣe é láìkánjú, bí ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ.

‘Bàbá.’

Kò ta gìrì. Ó yí ojú sí i, ẹrùpẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Láti oṣù kìíní, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

‘Èmi,’ ni ó wí. Ó sinmi. ‘Èmi ni mo… ṣí i.’

‘Ẹ ṣí kí ni, Bàbá?’

‘Kòtò. Mo ṣí i. Mo gbàgbé.’ Omi ń dà lójú tó ń ṣiṣẹ́ àti lójú tí kò ṣiṣẹ́. ‘Mo wá… dé e… pa.’

Ìbíyẹmí jókòó sórí kọnkéré náà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi rò pé àbúrò òun ló ṣe agídí, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú. Ó fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà kiri inú ara rẹ̀, kò rí i, àárẹ̀ ló rí. Nígbà tó yá, ó fi etí ìró nu ẹrùpẹ̀ lójú bàbá rẹ̀.

‘Ẹ̀yin rò pé òun ló wà níbẹ̀?’

Bàbá kò mi orí gbà, kò gbọn orí kọ̀. ‘Ó ń mí,’ ni ó wí.

Ìbíyẹmí lè ti ṣàlàyé fún un, gẹ́gẹ́ bí Gideon ti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá ṣàlàyé fún? Ọkùnrin tó fi ìgò mẹ́ta mọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀? Ó gbé e sẹ́yìn bí wọ́n ti ń pọn ọmọ, ó sì gbé e wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bẹ̀ ẹ́. ‘Bàbá, bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn ló fẹ́, ẹ jẹ́ kí n fún un ní gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí i.’ Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá mi orí pé òun gbà.

Cornelius, bíríkìlà kan láti apá Pobẹ̀ ní òdìkejì ibodè, ló wá fọ́ kọnkéré náà. Ó fọ́ ọ sí mẹ́rin, ó fi ọ̀pá irin ta ègé kìíní yí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Abẹ́ kọnkéré náà pupa, ó nípọn, ó ń dán. Níbi tí ihò náà wà, tí okùn ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ń gbà wọlé, ni pupa náà ti le jù lọ. Ó yí ihò náà ká roboto, àfi bí ọ̀pọ̀ èrò tó ń rọ́ lu ara wọn ní ẹnu fèrèsé kan ṣoṣo.

‘Màdáámù,’ ni Cornelius wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ‘kí ni ẹ sin síbí?’

‘A ò sin nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyókù kúrò.’

Ó gbé e kúrò, kò sì dúró jẹun.

Ojoojúmọ́ ni Ìbíyẹmí ń gbé bàbá rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, omi náà pupa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, pupa náà ń ṣá, ewéko wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú omi. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di àwọ̀ ewé tútù bí omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀lọ́ méjì ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan ké. Bàbá gbọ́ ọ, ìdajì ẹnu rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín.

‘Omi lásán ni,’ ni ó wí ketekete.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò lu pákó.

Wọ́n fa omi náà gbẹ kí wọ́n tó da yanrìn sí i. Bàbá ní kí Ìbíyẹmí wo ìsàlẹ̀. Ó wò ó dáadáa, ó ya fọ́tò rẹ̀ fún un. Ewé máńgòrò jíjẹrà ló wà níbẹ̀, àti ẹrẹ̀. Bàbá wo fọ́tò náà títí iná fóònù fi kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lo oṣù mẹ́ta sí i láyé. Ojú oorun ló gbà lọ, nínú oṣù kejìlá, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ìbíyẹmí gba ìyípadà sí ilé-ìwé kan ní Ayétòrò. Ó yọ̀ǹda ilé náà fún ìjọ, wọ́n sì fi olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ìtẹ́olúwakìíṣí àti ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọn ò mọ ìtàn kankan. Ojú ibi tí kòtò náà wà ni ìyàwó gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ju tibòmíràn lọ.

Nígbà tí Ìbíyẹmí kí wọn lẹ́yìn Àjíǹde, obìnrin náà gé ìdì ẹ̀fọ́ kan fún un, ó tóbi, igi rẹ̀ sì pọ́n dẹ̀dẹ̀.

‘Ẹ gbà, Mà. Ẹ̀fọ́ ibẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.’

Ìbíyẹmí dúpẹ́. Ó gbé e lé itan nínú mọ́tò títí wọ́n fi dé Ayétòrò. Ó fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sè é, ó bù ú sínú àwo, ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló jẹ ẹ́.